Ẹ Má Tìtorí Eruku Pa Ìlà Ojú Ìyá Wa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, nítorí pé eruku ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n á ní, "Eruku kẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀ ni?" Kò tán nílẹ̀ o. Eruku tí mo ń wí ni èyí tí ó ń bà lé nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò kí àwọn onífọ́tò tó fi síkánà gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà, tàbí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ṣòro: ara nẹ́gẹ́tíìfù ni ó yẹ kí á ti lé eruku kúrò, kí á tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí eruku wọ inú àwòrán tán, tí ó wá ń fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ ní àpapọ̀, ojú èèyàn ni ó ń bà jẹ́, ó sì ń gbowó lé e.

Mo mọ̀ pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí fi ń ya fọ́tò, wọn ò fọwọ́ kan fíìmù rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín wò. Ẹ yẹ àpótí ìyá àgbà wò, níbi tí wọ́n kó aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn sí. Ẹ ó bá agolo bísíkíìtì tàbí páálí bàtà níbẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ni yóò sì kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà lè ti ṣá, ikán lè ti jẹ ẹ́, òjò lè ti rọ̀ sí i. Nẹ́gẹ́tíìfù yẹn nìkan ló kù. Nígbà tí àgbà bá wá papò dà, tí àwọn ọmọ ń wá àwòrán tí wọn yóò lò fún ìwé ètò ìsìnkú, ilé onífọ́tò ni wọ́n ń gbé e lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá jáde tí ó kún fún àmì funfun wínníwínní bí ẹni da gààrí sí i, tí ẹ sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èsì kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́: "Ọyẹ́ ni, sà. Ẹ̀yin náà ń rí bí ìta ṣe rí."

Òótọ́ ni, ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ onífọ́tò. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún títí wọ oṣù kejì tàbí ìkẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ló ń ti ibi kòtò ńlá kan tí à ń pè ní Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad. Adágún omi ló wà níbẹ̀ nígbà láéláé. Ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n wá sí ilé wa. Eruku náà kúnná ju èlùbọ́ lọ. Èyí tó tún burú ni pé gbígbẹ ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí iná kékeré jókòó sára fíìmù. Ẹ ṣáà mọ bí aṣọ náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń ta pàràpàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lóṣù kejìlá. Irú iná yẹn náà ni ó máa ń wà lára fíìmù nígbà ọyẹ́, tí yóò máa fa eruku mọ́ra.

Ó dáa. Ọyẹ́ jẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọyẹ́ ló ń fẹ́ lóṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ ṣáá, tí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ṣì kún fún àmì funfun? Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní ẹ ò wo ìsàlẹ̀, òkè ni ẹ ń wò. Ìsàlẹ̀ ni kí á wò jàre. Wọ inú ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, eruku ń gòkè, fáànù ń yí lórí rẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù oníbàárà sì wà ní gbangba lórí tábìlì, wọn ò fi nǹkan kan bò ó. Síkánà ṣí ẹnu sílẹ̀ láti àná. Wọ́n á mú fíìmù, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ "fùú", itọ́ á ta sí i, wọ́n á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Ẹ gbà mí o! Ṣé ọyẹ́ ló kọ́ wọn níyẹn náà?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe àríwísí lásán ni mò ń ṣe. Fíìmù tó wọ́pọ̀ jù ni ti mílímítà 35. Ojú àwòrán kan nínú rẹ̀ kò ju mílímítà 24 sí 36 lọ. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ di àwòrán íǹṣì 8 sí 10, a ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ ààbọ̀. Nítorí náà, eruku tí kò fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, tí agbára káká ni ojú fi lè rí i, yóò fẹ̀ tó mílímítà kan dín díẹ̀ lórí pépà. Bí síkánà bá sì ń ka àmì 2,400 nínú íǹṣì kan, eruku kan ṣoṣo yẹn yóò bo àmì bí 9 lóròó, 9 níbùú. Bí ó bá bọ́ sí ojú ènìyàn, ẹyinjú lọ nìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí n kọ́ yín bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tó jẹ̀bi. Eruku tó bá wà lára nẹ́gẹ́tíìfù nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sì dé lórí pépà, funfun ni yóò wà. Ṣùgbọ́n bí eruku bá ti wà lórí fíìmù nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, ibẹ̀ nínú nẹ́gẹ́tíìfù ni yóò mọ́ gaara, dúdú ni yóò sì jáde lórí pépà. Nítorí náà, bí àmì bá dúdú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi jẹ́ ti ẹni tó yà á lọ́jọ́ kìíní. Bí àmì bá funfun, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, àfi bí eruku náà bá ti gbẹ mọ́ ọn láti ọjọ́ tí wọ́n fọ fíìmù, tàbí bí nǹkan bá ti ha ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa di gbogbo rẹ̀ ru òkú onífọ́tò tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ò bá ṣeé fi ṣe àwáwí mọ́, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, kọ̀ǹpútà máa bá wa yọ ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló mú mi gbé gègé.

Lóòótọ́, àwọn síkánà kan ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mọ eruku. Digital ICE ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn ò lè rí, gba inú fíìmù kọjá. Aró tó wà nínú fíìmù aláwọ̀ kì í dí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n eruku máa ń dí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ò bá ti kọjá, ẹ̀rọ mọ̀ pé eruku ló wà níbẹ̀, á sì fi àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí i. Ọgbọ́n ńlá ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú agolo bísíkíìtì ìyá yín? Fíìmù dúdú-àti-funfun ni! Kì í ṣe aró ló sì gbé àwòrán dúró nínú fíìmù bẹ́ẹ̀, fàdákà ni. Fàdákà náà ń dí infrared bí eruku ṣe ń dí i. Ẹ̀rọ ò lè mọ̀yàtọ̀; ìrun orí, gèlè, ojú, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa pè ní ìdọ̀tí. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba fíìmù dúdú-àti-funfun tí wọ́n fi aró ṣe, irú Ilford XP2, ọgbọ́n yìí ò wúlò fún un rárá. Èyí já sí pé fọ́tò ayé àwọn bàbá wa, tí a ò lè tún yà mọ́ láéláé, ni ẹ̀rọ náà ò lè ràn lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á gbé àwòrán náà sínú Photoshop tàbí irú rẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì tí ó ń pa eruku àti ìhá rẹ́. Bọ́tìnì yìí ò mọ eruku, kò mọ ojú. Ohun kéékèèké yòówù tó bá yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká ni ó ń pa rẹ́. Ẹ gbọ́ ìṣirò kejì. Ká ní pélé fẹ̀ tó mílímítà 2 lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá kan. Ká ní wọ́n ya ìyá náà ní òró, láti orí dé ẹsẹ̀, tí ojú rẹ̀ nínú nẹ́gẹ́tíìfù wá jẹ́ ọ̀kan nínú 40 bí ó ṣe tóbi sí gan-an. Pélé yẹn á wá di ìdá kan nínú 20 mílímítà péré. Irun orí kan kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Eruku kan kò kéré jù ú lọ. Bọ́tìnì tó bá lè gbá eruku lọ, yóò gbá pélé lọ pẹ̀lú.

Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti dolóògbé, ya fọ́tò kan nígbà tó wà lọ́mọge, pélé mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé nẹ́gẹ́tíìfù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn gbà á wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ nawọ́ rẹ̀ sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó mọ́ tónítóní. Eruku pọ̀ lára ẹ̀ gan-an, mo ti bá yín nu gbogbo ìdọ̀tí ojú màmá kúrò." Mo wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán bí ike. Kò sí pélé kan ṣoṣo lójú. Ìdọ̀tí! Ọmọ náà ò ṣe é tìkàtìkà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò rí ìyá náà rí, wọn ò sì kọ́ ọ pé kó fẹ́ eruku kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò olóògbé rí àwòrán náà nílé, ó béèrè pé, "Ta nìyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlà ojú ò ṣeé fi ṣeré. Ojú ni àwọn bàbá wa fi ń mọ ibi tí ẹnìkan ti wá. N kò sọ pé kí á tún bẹ̀rẹ̀ sí kọlà o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti ka kíkọ irú àpá bẹ́ẹ̀ sára ọmọdé léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Nítorí pé a ò kọ ọ́ mọ́ gan-an ni mo ṣe ń pariwo. Àwọn tó kọ ọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láìpẹ́, inú fọ́tò nìkan ni ọmọ wa yóò ti máa rí gọ̀ǹbọ́, àbàjà àti pélé. Bí a bá wá fi bọ́tìnì pa á rẹ́ nínú fọ́tò náà ńkọ́? Kàkà kó sì sàn, ó tún ń le sí i: àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé báyìí, tí wọ́n ń fi orí ara wọn ya ẹyinjú àti eyín tuntun sí ibi tí eruku bò. Ojú tó rẹwà ni wọ́n ń yà o, àmọ́ ojú ẹlòmíràn ni.

Àwọn àgbà onífọ́tò wa ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ nípa fọ́tò yíyà láàárín Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣàlàyé bí àwọn onífọ́tò wa ṣe ń ṣe ti ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú láìtíì ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pa pọ̀. Fọ́tò náà á wá máa ṣe iṣẹ́ ère ìbejì. Ẹ rò ó wò: bí eruku kan bá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn nínú nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò jáde, lára alààyè àti lára òkú. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn tí yóò gbà wọ́n. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ó ṣe yẹ kí á ṣe é nìyí, kò sì gba owó ńlá. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ó bá ṣiṣẹ́ fíìmù. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀ àti tábìlì. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì ní sùúrù kí eruku tó wà lófuurufú rọ̀ wálẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ tó ń hu òwú. Ẹ jẹ́ kí nẹ́gẹ́tíìfù wà nínú àpò rẹ̀ títí di ìgbà tó bá kàn án. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sì fọwọ́ mú. Rọ́bà roboto kan wà tí a fi ń fẹ́ eruku, ó jọ èyí tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ. Òun ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ ní ojú méjèèjì, kì í ṣe ẹnu. Bí ó bá kù, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ tí ẹ ò fi ṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ má gbàgbé gíláàsì síkánà náà.

Ìdọ̀tí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn la lè fi ògidì isopropyl alcohol nù jẹ́jẹ́, kì í ṣe spírítì aláwọ̀ tó lómi nínú. Kódà, ẹ ṣọ́ra: àwọn àgbà onífọ́tò máa ń fi pẹ́ńsùlù tún ojú ṣe lórí nẹ́gẹ́tíìfù, oògùn sì lè wẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dànù. Bí ẹ bá ti rí àmì pẹ́ńsùlù, rọ́bà nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹni tó ṣì ń fi ẹ́ńlájà tẹ àwòrán nínú yàrá òkùnkùn náà ní tirẹ̀. Bí ó bá fi fíìmù sáàárín gíláàsì méjì, ojú mẹ́fà ni eruku lè bà lé. Bí kò bá lo gíláàsì, ojú méjì péré ni. Ẹni tó sì ń fọ fíìmù, kí ó fi ásẹ́ tó kúnná sẹ́ omi rẹ̀, nítorí omi kànga àti omi ẹ̀rọ wa ò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Kí ó fi omi tí kò ní ìdọ̀tí àti iyọ̀ kankan ṣan án kẹ́yìn. Kí ó sá a sí ilé ìwẹ̀ tí oruku omi gbígbóná ti mú eruku ilẹ̀ rọ̀, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn. Fíìmù tútù tí a bá sá sí abẹ́ fáànù, àjẹkù eruku ni.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ pọ̀, owó kéré, iná ò sí." Ṣé aṣọ tútù ń lo iná ni? Rọ́bà ń mu epo bẹntiróò ni? Fífẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù kan kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ pa àmì 200 rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ á ṣú bá a nídìí ẹ̀. Nítorí pé kò rí àyè ìyẹn ló ṣe ń tẹ bọ́tìnì apanirun. Àwọn mìíràn á ní, "Fọ́tò àtijọ́ ni, eruku ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti pẹ́." Irọ́ ni! Eruku àná tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín kì í ṣe ọjọ́ orí fọ́tò. Ohun tó fi ọjọ́ orí hàn ni aṣọ, irun, àga, ìdúró àti ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tí a bá ti fẹ́ ẹ, tí a ti nù ún, àmì díẹ̀ lè kù. Kí onífọ́tò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má jókòó lásán. Bí ẹ bá gbé nẹ́gẹ́tíìfù lọ, ẹ béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń lé eruku kí ẹ tó gbé e wọlé?" Bí ó bá dáhùn pé kọ̀ǹpútà ló ń bá òun lé e, ẹ gba ẹrù yín, ẹ máa lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń fẹ́ méjì: èyí tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe àti èyí tí wọ́n tún ṣe. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ wo ojú dáadáa, ẹ ka ìlà ibẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi onífọ́tò, n kò bá yín ṣọ̀tá. Ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ kò ní ṣàì fẹ́. Ẹ ti ra rọ́bà yín sílẹ̀, ẹ rẹ aṣọ sínú omi, kí ẹ sì nu tábìlì yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ìyá oníyàá.